Àwa Tí A Wo Sinimá Láti Ẹ̀yìn Aṣọ

Ẹ máa wò ó lọ, ẹ má tìtorí tèmi pa á. Ìmọ́lẹ̀ fóònù yín kò dí mi lọ́wọ́. Ojú mi ti rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti rẹ̀. Ohun tó sú mi ni pé láti àárọ̀ ni ẹ ti ń wo sinimá, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, tí mo bá sì bi yín pé báwo ló ti rí, ẹ ó ní, "Ó dáa, Màmá." Kí ló dáa níbẹ̀? "Ó kàn dáa ni." Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin mẹ́ta jókòó sórí àga kan, sinimá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹnì kankan ò bá ẹnì kejì jiyàn. Nígbà tiwa, sinimá kan ṣoṣo ni odidi ìlú ń wò, a ó sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ jà lé e lórí.

Ẹ bá mi bu omi díẹ̀. Ẹ ṣeun. Bó bá ṣe ń wá sọ́kàn mi ni màá ṣe máa sọ ọ́, torí mi ò lè to ọ̀rọ̀ bí ẹni to igi ìdáná mọ́.

Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí kòkó bá ti bo orí àpáta, ni mọ́tò sinimá máa ń wọ Odode, ìlú wa. A kì í mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. A ó kàn gbọ́ fèrè rẹ̀ lọ́nà, fèrè gígùn, òkè á sì dá a padà, a ó máa rò pé mọ́tò méjì ló ń bọ̀, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lórí Òkè. Obìnrin tó bá ń gúnyán lọ́wọ́ á sáré kó o pẹ̀lú kókó nínú rẹ̀. Ọkọ tó bá jẹ iyán oníkókó lọ́jọ́ náà kì í sọ̀rọ̀, torí òun náà ń kánjú. Ọdún kan wà tí ìyàwó kan ní agboolé wa gbé ọbẹ̀ kaná, ó ní òun kàn fẹ́ yọjú wo bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ sinimá. Èéfín ló pè é wálé. Ẹja inú ọbẹ̀ ti di èédú, ọkọ rẹ̀ sì fi jẹ iyán, ó ní ẹja yíyan ni.

Aṣọ funfun ńlá kan ni wọ́n máa ń ta sáàárín òpó méjì, lórí pápá tó wà nísàlẹ̀ àpáta. Ẹ̀rọ iná á máa dún tutututu lẹ́yìn mọ́tò, òórùn bẹntiróò á gba ibi gbogbo. Ọkùnrin kan á di gbohùngbohùn mú, á máa túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ nínú àwòrán sí Yorùbá àwọn ará Ọ̀yọ́. Àwọn àgbà wa á máa fi ahọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni àbí ó ń kọrin?"

Àwa ọ̀dọ́ àtàwọn ọmọdé, iwájú aṣọ ni ibùjókòó wa, nínú eruku. Àwọn àgbà, ẹ̀yìn aṣọ, lórí àpáta. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpáta yẹn ti ń yá oòrùn láti àárọ̀, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, orúnkún àgbà sì mọ adùn rẹ̀ nínú ọyẹ́. Aṣọ náà fẹ́lẹ́, àwòrán ń hàn lẹ́yìn bó ṣe ń hàn níwájú. Yèyé, ìyá ọkọ mi, ni ọ̀gá wọn níbẹ̀. Orí Òkè ni wọ́n ti bí i, kí ìlú tó sọ̀kalẹ̀ wá sí Odode, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. "Ọma Òkè kì í wo nǹkan láti ìsàlẹ̀," ni yóò wí, á sì fìdí lé àpáta. Tí a bá ní kí wọ́n wá síwájú, wọ́n á ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Àwa náà á padà sínú eruku wa.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì ni sinimá ń dùn jù. Gbogbo agboolé wa ló ń sá kòkó sórí àpáta kan náà. Kòkó tí a bá sá, a gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ wà á kó má baà bu. A ó máa wọ́ ẹsẹ̀ láàárín rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì, hóró kòkó á máa dún ṣàkàṣàkà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nínú kòkó ló ni ọ̀rọ̀. Bó ṣe ń wà á lọ ni yóò máa dá sinimá àná lẹ́jọ́, ẹnì kankan ò sì gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ì báà ṣe ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lánàá. Tó bá dé ìpẹ̀kun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pin, ẹlòmíràn á bọ́ bàtà, á wọlé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ á máa rọra wọ́ ẹsẹ̀ bí ìgbín. Kòkó tiwa kì í bu. Àwọn tó ń rà á máa ń bi wá pé kí la ṣe sí i, a kò sì jẹ́ sọ pé iyàn jíjà ni.

Ẹ ò bá gbọ́ Bàbá Ọdẹ. Ọdẹ ni lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí sinimá àwọn ẹlẹ́ṣin oníbọn fi máa ń bí i nínú. "Ọkùnrin yẹn yìnbọn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán," ni yóò wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá á máa tú kòkó ká, "kò ki ẹ̀tù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ẹni tó rọ ìbọn yẹn hàn mí. Wọ́n pa èèyàn lọ bẹẹrẹ, wọn ò pa ẹran kan. Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ lálẹ́?" Ní tirẹ̀, sinimá náà ò dáa.

Ti Àǹtí Aránṣọ, aṣọ nìkan ló ń wò. Iwájú pátápátá ló máa ń jókòó kó lè rí ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n gbé sinimá kan wá tí obìnrin òyìnbó kan já sómi nítorí ìfẹ́, tí olólùfẹ́ rẹ̀ sì bẹ́ wọ inú omi yọ ọ́. Gbogbo àwa ìyàwó ń nu ojú. Ní àárọ̀, Àǹtí wọ inú kòkó, ó ní, "Ó jáde nínú odò, kaba rẹ̀ ṣì dúró bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ tán. Aṣọ náà wù mí. Ìfẹ́ wọn ni kò dá mi lójú." Bàbá kan tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà ní tòun ni pé omi tí ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà sí kó tó bọ́ sínú rẹ̀, ohun tó bá rí níbẹ̀, kó fara mọ́ ọn.

Ọdún kan, wọ́n fi ìlú kan hàn wá tí yìnyín bo ilẹ̀ rẹ̀. Òwú la pè é. Àwọn àgbà bínú gan-an sí àwọn ará ìlú náà pé wọ́n jẹ́ kí òwú tó tó báyìí ṣòfò nílẹ̀, tí wọ́n wá ń fi ṣọ́bìrì kó o dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbé sinimá iṣẹ́ oko wá, láti kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú kòkó. Yèyé fara balẹ̀ wò ó. Ní àárọ̀ ó ní, "Ṣòkòtò àgbẹ̀ yẹn mọ́ ju ti tísà lọ. Ẹni tó máa kọ́ mi níṣẹ́ oko, kí ẹrẹ̀ kọ́kọ́ kàn án ná." Ó wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i. "Ṣùgbọ́n ó mọ kòkó ọ́ fọ́. Mi ò ní gba tọwọ́ rẹ̀."

Ohun kan ló máa ń bí Yèyé nínú nínú gbogbo sinimá, ọwọ́ òsì. Ó ní gbogbo àwọn inú aṣọ yẹn, ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Òsì ni wọ́n fi ń jẹun, òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. "Ẹnìkan kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀," ni yóò wí. "Ti àwọn wọ̀nyí, òun ni wọ́n fi kọ́ ilé náà." Gbogbo ará orí àpáta á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa tí a jókòó síwájú ò rí ọwọ́ òsì kankan, àmọ́ ta ni yóò bá ìyá àgbà jiyàn nítorí ọwọ́ òyìnbó? A fi í sílẹ̀. A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá wa nílé.

Ẹ fi hàn mí lọ́jọ́ kan pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa dá sinimá lẹ́jọ́, wọ́n ń fún un ní ìràwọ̀ bí ẹni ń pín àkàrà. Mo ní kí ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn sí mi létí, ẹ sì kà á. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kankan nínú kòkó.

Ibo ni mo bá a dé? Ó rẹ̀ mí láti sọ ibi tó kàn yìí, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Mo ti bí ọmọ kan rí ṣáájú bàbá yín. Yàrá Yèyé ni mo bí i sí. Ìrọbí náà pẹ́, ó pẹ́ jù, nígbà tí ọmọ sì dé, kò ké. Ọwọ́ Yèyé ló gbà á. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ náà rí lẹ́yìn tí a sin ín, ṣùgbọ́n mo máa ń bá a níbi tó ti ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, bíi pé ó bọ́ nǹkan sílẹ̀ níbì kan. Nígbà tí oyún kejì dé, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi kú oríire. Wọ́n ti ṣí ilé ìgbẹ̀bí kan nítòsí wa nígbà náà. Mo sọ fún ọkọ mi pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ. Ó ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ tí Yèyé ò bá fọwọ́ sí i, kí ni mo fẹ́ ṣe?" Kò purọ́. Nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, Yèyé ló ni ín.

Ọyẹ́ ọdún yẹn ni mọ́tò sinimá gbé àwòrán ìgbẹ̀bí wá. Obìnrin dúdú bíi tiwa ni, ó gbé oyún wọ ilé kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Nọ́ọ̀sì dúdú fọ ọwọ́, ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Nígbà tó yá ó gbé ọmọ sókè, igbe ọmọ náà gba inú gbohùngbohùn jáde, òkè sì dá a padà. Mo jókòó nínú eruku níbẹ̀ pẹ̀lú ikùn mi, mo ń sunkún. Mo ń wo aṣọ náà, èmi àti Yèyé ni aṣọ náà là láàárín, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ohun tí mo rí yìí rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ní àárọ̀, Yèyé ló kọ́kọ́ wọ inú kòkó. Ó ní, "Ilé yẹn mọ́. Ọmọbìnrin yẹn mọ ọwọ́ ọ́ fọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n òsì ló fi gba ọmọ. Òsì náà ló fi gbé e fún ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa náà ni wọ́n ti wá kọ́ ní ìwàkiwà. Ọmọ tí wọ́n fi òsì gbà wáyé, ta ni yóò fi ọ̀tún bá a ṣe? Ẹnikẹ́ni ò ní ti inú ilé mi lọ síbẹ̀." Ó dé ìpẹ̀kun, ó jókòó.

Àǹtí Aránṣọ bọ́ bàtà, ó wọlé. "Ẹ dákun, Yèyé, ọ̀tún ni mo rí. Mo rí etí ọwọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì náà, ó ya díẹ̀ níbi bọ́tìnnì. Ọwọ́ ọ̀tún ni." Kò tíì dé ìpẹ̀kun tí Bàbá Ọdẹ ti ba òfin jẹ́. "Òsì ni! Ojú tí mo fi ń wá ẹran nínú igbó ni mo fi rí i." Ibẹ̀ dàrú. Gbogbo ará pápá ní ọ̀tún, gbogbo ará àpáta ní òsì, àwọn tó ti ń jẹun pọ̀ láti kékeré ń pe ara wọn ní elékèé. Èmi nìkan ni mi ò pariwo. Mo ń rò ó pé tí ọ̀rọ̀ yìí bá parí báyìí, yàrá Yèyé náà ni.

Mo bá bọ́ sínú kòkó. Wọ́n dákẹ́, torí òfin. Mo wọ́ ẹsẹ̀ dé àárín, mo dúró, mo tú gèlè mi. Gèlè fẹ́lẹ́ kan ni, ẹyẹ kan wà láàárín rẹ̀. Mo nà án sókè lórí mi. Mo ní kí Àǹtí Aránṣọ dúró síwájú mi, mo bẹ Bàbá Ọdẹ kó dúró sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí kálukú kàn na ọwọ́ tí ẹnu ẹyẹ náà kọjú sí lójú tirẹ̀. Àǹtí na ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá Ọdẹ na ọwọ́ òsì. Ọwọ́ méjèèjì sì nà sí ọ̀nà Aládé, ìlú tó múlé tì wá.

Mo ní, "Ẹyẹ kan náà ni, kò yí padà. Ará iwájú ò purọ́, ará ẹ̀yìn ò purọ́. Yèyé, níbi tí wọ́n ti yà á, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi gba ọmọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ sin èyí." Mo wọ́ ẹsẹ̀ mi dé ìpẹ̀kun, ọ̀rọ̀ mi pin.

Yèyé wò mí. Mo dúró lójú rẹ̀ láìwé gèlè, èmi ìyàwó, níṣojú gbogbo agboolé. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, "Wé gèlè rẹ." Bàbá Ọdẹ ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo wé gèlè, mo lọ sílé lọ sunkún, torí mo rò pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, a wá Yèyé tì. Àpótí ìjókòó rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Aládé ni mọ́tò sinimá ń lọ lọ́jọ́ náà, ọmọ kan sì sọ pé òun rí i lójú ọ̀nà, ó ń dúró simi, ó sì ń rìn. Orúnkún tí kì í jẹ́ kó rìn kọjá àpáta ló fi ń rìn. Ọkọ mi sáré tẹ̀lé e. Nígbà tó débẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀ níwájú aṣọ, láàárín àwọn ọmọdé. Wọ́n ti pariwo pé àpótí rẹ̀ ga jù, orí rẹ̀ ń dí àwọn lójú, ó sì ti gbé àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọma Òkè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku Aládé, ó ń wo sinimá láti ìsàlẹ̀.

Ní àárọ̀ mo ń kóná, ó wá dúró tì mí.

"Ọ̀tún ni," ni ó wí.

Mo gbé igi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n sinimá náà ò dáa."

"Kí ló ṣe é, Yèyé?"

"Obìnrin yẹn ò ké. Ẹ̀rín músẹ́ ló ń rín títí ọmọ fi dé. Ẹni tó ṣe sinimá yẹn ò rọbí rí." Ó rọra jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ìwọ, ọma mi, tí o bá débẹ̀, kí o ké. Má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di àwòrán. Màá wà lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Mo ké. Gbogbo ilé ìgbẹ̀bí náà gbọ́ mi, lẹ́nu ọ̀nà ni Yèyé sì wà, tó ń dá mi lóhùn, "Káre, káre." Lẹ́yìn náà, ọmọ náà ké. Ọkọ mi ló sọ fún mi pé nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé e jáde, Yèyé kọ́kọ́ wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà, ó wá wo tirẹ̀, ó nu ún mọ́ ìró, kó tó na ọ̀tún gbà á. Bàbá yín nìyẹn.

Láti ọdún náà, tí wọ́n bá fi sinimá kan hàn fún ọjọ́ méjì, Yèyé á wò ó níwájú lọ́jọ́ kìíní, á wò ó lẹ́yìn lọ́jọ́ kejì, ó ní ẹjọ́ ẹnì kan kì í tó í dá. Bàbá Ọdẹ ò kúrò lórí àpáta títí tó fi kú. Ó ní ìgbóná àpáta ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Mọ́tò sinimá ò wá mọ́ nígbà tó yá. Wọ́n ti kọ́lé bo pápá yẹn, ẹ̀bá títì ni wọ́n ń sá kòkó sí, ìyàwó ilé kan á wà á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò ní bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí ti lọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ ohun tí a sọ, ó sì ti ń rẹ̀ mí láti máa dá a rò.

Ẹ rántí ọjọ́ yẹn tí mo ní kí ẹ fi sinimá kan ránṣẹ́ sí bàbá yín l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ni. Mo ní kí ẹ bi í bó ṣe rí i. Mo retí títí, mo ti to èsì tèmi sílẹ̀, torí apá ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì mọ̀ pé ọmọ ọmọ Yèyé ni, yóò bá mi jiyàn. Àwòrán ọwọ́ kékeré kan ló fi ránṣẹ́ padà, àtàǹpàkò rẹ̀ nà sókè. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo gba fóònù náà, mo wò ó níwájú, mo yí i padà, dúdú ni ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bi yín pé, ọ̀tún ni àbí òsì?

Ẹ ní, "Màmá, ọwọ́ lásán ni."